Ilé abúlé létí òkun Áyálándì: èwo ni kí ẹ gbà nínú Wexford, West Cork, Dingle, Connemara àti Antrim?

Ọdún karùn-ún rèé tí ìdílé mi ti ń kúrò ní Dublin fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láti lọ gbé nínú ilé abúlé létí òkun. Kọ́tééjì ni wọ́n ń pè é níbí. Ilé ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ògiri wọn nípọn, wọ́n kùn wọ́n ní funfun, fèrèsé wọn sì kéré nítorí ìjì. Díẹ̀ ṣì ní òrùlé koríko, bíi ilé bẹẹrẹ tí àwọn baba ńlá wa gbé, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ti di òrùlé síléètì. Onílé á fún yín ní kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa dáná, ẹ ó sì gbá ilé náà mọ́ kí ẹ tó kúrò.

Lọ́dún àkọ́kọ́, àwòrán ni mo wò. Òkun wà lójú fèrèsé, àgùntàn ń jẹko lẹ́yìnkùlé, mo sì sanwó lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi, ìyàwó mi, ọmọ mẹ́ta àti ìyá mi tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde la jọ lọ. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó rí ẹnu ọ̀nà ilé náà. Kìlómítà 14 ni ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ wa jù. Òkè àtẹ̀gùn ni ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ orúnkún ń yọ ìyá mi lẹ́nu. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, epo tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná tán nínú táńkì, onílé kò sì gbé fóònù títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Kóòtù ni ìyá mi wọ̀ sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ó dùn mí gan-an, nítorí òun gan-an ni mo torí ẹ̀ wá ibi ìsinmi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Àwọn èèyàn wa ní Dublin, ní Drogheda, àti láti Ìlú Ọba pàápàá, ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ibo ló dára jù. Mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n pé: ta ni ẹ fẹ́ mú lọ?

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ìwé ìrìnnà ló ṣáájú. Erékùṣù kan ni, ṣùgbọ́n ìjọba méjì ló wà lórí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Olómìnira Áyálándì ń ná yúrò, ó ní físà tirẹ̀, kò sì sí nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà. Àríwá Áyálándì wà lábẹ́ Ìlú Ọba, pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ní London tàbí Manchester pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìwé ìgbélùú tí Ìlú Ọba fún yín lè gbé yín dé Antrim ní Àríwá, kò lè gbé yín dé Kerry, níbi tí Dingle wà, ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira. Bákan náà, ẹni tó ń gbé ní Dublin pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Ìlú Ọba kó tó ré kọjá sí Àríwá. Kò sí géètì ní ẹnubodè, mọ́tò kàn ń kọjá ni, ìyẹn ló sì ń tan àwọn èèyàn wa jẹ. Àmọ́ ọlọ́pàá a máa yẹ bọ́ọ̀sì wò nígbà mìíràn, ẹni tí wọ́n bá sì mú láìní físà ti fi ìwé tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú ṣeré. Físà ìgbà kúkúrú ti Áyálándì jẹ́ 60 yúrò fún ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí oṣù méjì ó tó kù, kí ẹ má sì san owó ilé tí wọn kì í dá padà kí físà tó jáde.

Lẹ́yìn ìwé, ọ̀nà ló kàn. Gbogbo onílé ló máa sọ fún yín pé òkun kò jìnnà. Ẹ bi wọ́n pé kìlómítà mélòó ni ó sí ṣọ́ọ̀bù, àti pé ṣé mọ́tò méjì lè pàdé lójú ọ̀nà náà. Ọ̀nà abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní bóithrín, mọ́tò kan ṣoṣo ló gbà, koríko a sì máa hù láàárín rẹ̀. Bí ẹ bá pàdé katakata àgbẹ̀ níbẹ̀, ẹnì kan á fi ẹ̀yìn rìn padà. Ilé abúlé kì í ní nọ́ńbà lára ilẹ̀kùn, orúkọ òpópónà kò sì sí. Kóòdù Eircode tí wọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2015 lẹ ó fi dé ibẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, ẹ béèrè bóyá yàrá kan àti ilé ìwẹ̀ kan wà nísàlẹ̀, bóyá owó iná àti epo ìmúlégbóná wà nínú owó ilé tàbí lọ́tọ̀, àti bóyá wọ́n ń fúnni ní aṣọ ibùsùn àti táwẹ́lì. Omi ìdọ̀tí ilé abúlé kì í lọ sínú gọ́tà ìjọba, táńkì inú ilẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé ló ń gbà á. Wáìpù ọmọdé kan lè dí i, owó àtúnṣe a sì jáde láti inú owó ìdúró yín. Àwa tí a máa ń dín ata, ẹ wò ó bóyá fèrèsé ilé ìdáná ṣeé ṣí dáadáa, nítorí ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá pọ̀ wà nínú gbogbo ilé wọ̀nyí.

Owó ń lọ sókè sódò gẹ́gẹ́ bí oṣù ṣe rí. Oṣù keje àti oṣù kẹjọ ló wọ́n jù, torí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà ní họ́lídè, Sátidé sí Sátidé ni ọ̀pọ̀ onílé sì ń gbà lákòókò yẹn. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí a gbà ní Wexford ní oṣù kẹsàn-án jẹ́ 780 yúrò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ilé kan náà, wọ́n ti béèrè ju 1,300 lọ lọ́wọ́ mi fún oṣù kẹjọ. Oṣù karùn-ún, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù.

Oúnjẹ ńkọ́? Láti ìgbà tí Ìlú Ọba ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, ẹni tó ń bọ̀ láti England, Wales tàbí Scotland kò gbọdọ̀ kó ẹran tàbí mílíìkì wọ Orílẹ̀-èdè Olómìnira, ì báà jẹ́ kílíṣí tàbí pọ̀nmọ́. Ewébẹ̀ àti ọ̀pọ̀ èso tútù náà nílò ìwé ẹ̀rí. Gàrí, èlùbọ́ àti ata gbígbẹ ni kí ẹ kó. Ẹni tó bá gba Dublin kọjá lè ra ata rodo àti iṣu ní Moore Street, ẹni tó bá gba Cork tàbí Galway náà á rí ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa nínú ìlú. Tí ẹ bá ti kúrò nínú ìlú ńlá yẹn, ẹ má retí ata rodo mọ́.

Wexford: kò sí òkè, kò sí wàhálà

Gúúsù-ìlà-oòrùn yìí ni oòrùn ti ń ràn jù ní gbogbo Áyálándì, àwọn ará ibẹ̀ sì ń fi í yangàn. Wákàtí méjì péré ni láti Dublin, ọ̀nà márosẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò ń ti Fishguard àti Pembroke ní Wales wá sí Rosslare, ìrìn náà kò ju bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin lọ, tí ẹ bá sì sọ̀ kalẹ̀, ilé yín lè má ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà níbí ni pé ilẹ̀ tẹ́jú. Ìyá mi rìn lórí yanrìn Curracloe fúnra rẹ̀, láìdi ẹnikẹ́ni mú. Yanrìn náà gùn tó kìlómítà 11, omi rẹ̀ kò sì jìn lẹ́bàá, àwọn ọmọ lè wọ̀ ọ́ dé orúnkún kí ọkàn ìyá wọn má fò. Ní Kilmore Quay, ilé olórùlé koríko tò sí ojú ọ̀nà títí dé èbúté tí àwọn apẹja ti ń já ẹja sílẹ̀. A ra ẹja níbẹ̀ ní àárọ̀, a fi se ọbẹ̀ ata ní ọ̀sán. Ilé iná Hook tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ti wà níbẹ̀ fún bíi ẹgbẹ̀rin ọdún, iná rẹ̀ ṣì ń tàn di òní. Lójú ọ̀nà, àwọn àgbẹ̀ a máa ta sitọ́bẹ́rì nínú àtíbàbà kéékèèké.

Àléébù rẹ̀: bí ẹ bá ń retí òkè gíga àti òkun tó ń bú ramúramù, ẹ kò ní rí i. Ó sì máa ń kún ní oṣù keje, torí idaji Dublin ló ń sá lọ síbẹ̀.

West Cork: ẹni tó fẹ́ràn oúnjẹ àti ìrọ̀rùn

Clonakilty, Skibbereen, Schull, Baltimore. Ìlú kéékèèké ni wọ́n, wọ́n sún mọ́ra, ilé abúlé tí ẹ bá gbà kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí búrẹ́dì àti ẹja. Yanrìn Inchydoney àti Barleycove dára fún ọmọdé. Ọjà àgbẹ̀ a máa wà ní Skibbereen lọ́jọ́ Sátidé, ẹ sì lè wo bí àpáta Mizen Head ṣe já sínú òkun láti orí afárá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn kọjá.

Pápá ọkọ̀ òfurufú Cork sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó kọjá Clonakilty ń yí bí ejò, ọmọ mi kan tí èébì máa ń gbé nínú mọ́tò bì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tí a lọ. Ilé ìwòsàn wà ní Bantry, ìwọ̀n ìtùnú nìyẹn. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ló sọ Baltimore àti Schull di ọ̀wọ́n, ẹ wá ilé sí àárín oko, nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún díẹ̀.

Dingle: ibi tí èdè ti ń gbé

Corca Dhuibhne ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ilẹ̀ yìí. Ó yọ gbọọrọ sínú Atlantic ní Kerry, ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ sì jẹ́ Gaeltacht, ìyẹn agbègbè tí èdè Gaelic ti ṣì jẹ́ èdè ojoojúmọ́. Gaelic nìkan ni wọ́n kọ sára àmì ojú ọ̀nà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wá Dingle, "An Daingean" tàbí "Daingean Uí Chúis" lẹ máa rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ wa tó ń lọ iléèwé ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira ló ń kọ́ èdè náà, èyí àbíkẹ́yìn mi ló sì ń ka àmì wọ̀nyẹn fún ìyá mi, tó ń túmọ̀ wọn sí Yorùbá tó mẹ́hẹ díẹ̀. Ìyá mi ní kí ló dé tí ọmọ tó lè sọ èdè tí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ń sá fún kò lè sọ tiwa kó yọ̀. A ti tẹra mọ́ Yorùbá nílé láti ìgbà náà. Lọ́dọọdún ni àwọn òbí Áyálándì ń san owó kí ọmọ wọn lè lọ gbé pẹ̀lú ìdílé Gaeltacht fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí èdè lè wọ̀ wọ́n lára. Mo fẹ́ kí òbí Yorùbá tó bá lè dé ibẹ̀ dé ibẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ibẹ̀ lẹ́wà púpọ̀. Láti Dún Chaoin ẹ ó máa wo erékùṣù Great Blasket tí ìjọba kó àwọn ìyókù èèyàn rẹ̀ kúrò ní 1953. Ògiri púpọ̀ nínú ilé wọn ṣì dúró láìní òrùlé. Ní oṣù kẹfà, ojúmọ́ ṣì wà títí di aago mẹ́wàá alẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti ọ̀nà. Ó tó wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún láti Dublin. Ọ̀nà Slea Head tóóró, àpáta ní apá kan, òkun ní apá kejì. Ibi tí ọwọ́ aago ń yí sí ni wọ́n gbà wá níyànjú láti gbà yí i po, torí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ńlá ń gbà. Conor Pass, ọ̀nà tó gba orí òkè kọjá, ga gan-an, mi ò jẹ́ gùn ún nínú ìkùukùu. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì wà ní Tralee, ó sì tó kìlómítà 50 láti ìlú Dingle, tí ilé yín bá wà lápá Dún Chaoin, ẹ tún fi kún un. Owó ilé kò rọ̀, torí ayé ti mọ ibẹ̀. Ẹ má gba ilé ibẹ̀ láìní mọ́tò.

Connemara: fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́

Ibí ni ilé tí epo ti tán mọ́ wa lọ́wọ́ wà, mi ò sì di ibẹ̀ sínú. Mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀kan, èmi àti ìyàwó mi nìkan, ọ̀sẹ̀ yẹn ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀. Àbàtà dúdú, adágún omi, òkè tí ìkùukùu ń bò tó ń ṣí. Yanrìn Dog's Bay lẹ́bàá Roundstone funfun gbòò, nítorí ìkarahun ẹ̀dá òkun kéékèèké ló lọ̀ kúnná di yanrìn náà. Lẹ́yìn Clifden ni àbàtà Derrigimlagh wà, ibi tí Alcock àti Brown já sí ní oṣù kẹfà ọdún 1919, àwọn àkọ́kọ́ tó fi ọkọ̀ òfurufú ré Atlantic kọjá láìdúró. A rin ibẹ̀ ká fún wákàtí méjì, a ò pàdé ju èèyàn mẹ́ta lọ.

Nínú àbàtà yìí ni wọ́n ti ń gé tọ́ọ̀fù, ilẹ̀ irà tí wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n fi ń dáná nínú ilé. Òórùn èéfín rẹ̀ dára lásìkò òtútù, ṣùgbọ́n kò lè mú yàrá mẹ́ta gbóná, kí onílé kankan má fi í tàn yín. Ẹ bi í nípa epo.

Òjò ibẹ̀ pọ̀ ju ti ìlà-oòrùn lọ dáadáa. Láti Galway dé Clifden jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 80, ilé ìwòsàn pàjáwìrì sì wà ní Galway. Ẹ fojú inú wo ìyẹn pẹ̀lú ọmọ tó ní asthma ní aago méjì òru. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù a máa lọ láàárín àwọn òkè. Ní ti owó, tí ẹ bá kúrò ní Clifden àti Roundstone, ilé a máa rọ̀ díẹ̀ ju Dingle lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa lọ sí Donegal, níbi tí àpáta Slieve League ti ga tó mítà 601 lórí òkun. Kò sí ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ rárá, mi ò sì tíì sùn níbẹ̀, nítorí náà mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Antrim: fún ará Ìlú Ọba

Bí ìwé Ìlú Ọba nìkan lẹ bá ní, ibí ni tiyín, kì í sì í ṣe pé ẹ gba èyí tó kù. Wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Cairnryan ní Scotland, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni dé Belfast tàbí Larne. Láti Belfast dé Ballycastle kò ju bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ọ̀nà etíkun fẹ̀, ó sì dára. Máìlì ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kìlómítà ni wọ́n ń lò ní Gúúsù, kí ẹni tó ń wakọ̀ fi sọ́kàn.

Giant's Causeway ní òpó àpáta tó tó 40,000, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ onígun mẹ́fà, bíi ẹni pé ẹnì kan gbẹ́ wọn. Iná inú ilẹ̀ ló pọ̀ wọ́n jáde, wọ́n tutù, wọ́n sì sán. Ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ilé àlejò ni wọ́n ń gba owó rẹ̀, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn dé orí òkúta kò san nǹkan kan. Afárá okùn Carrick-a-Rede, àwọn apẹja sámọ́nì ló kọ́kọ́ ta irú rẹ̀ ní 1755. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ ó rí Scotland kedere lókèèrè.

Abúlé Cushendun ni mo fẹ́ràn jù fún ilé, ó kéré, ilé funfun rẹ̀ wà lẹ́bàá omi gan-an. Bí ẹ bá ń wá ilé ní Ballycastle, ẹ yẹra fún ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun tó gbẹ̀yìn oṣù kẹjọ tí ẹ kò bá fẹ́ èrò, torí ọjà Lammas ni wọ́n ń ná nígbà náà. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì wà ní Coleraine. Omi òkun tutù níbẹ̀ ju Wexford lọ, aṣọ onírọ́bà ni kí àwọn ọmọ wọ̀. Ní etíkun tó bá ní olùṣọ́ nínú gbogbo ibi tí mo dárúkọ yìí, àárín àsíá pupa-àti-yẹ́lò ni kí ẹ ti wẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn olùṣọ́ ń wò.

Ta ni kó gba èwo?

Bí ìyá tàbí bàbá àgbà bá wà pẹ̀lú yín, tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, Wexford ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán òkè yí yín lọ́kàn padà. Bó bá jẹ́ ìdílé méjì ló fẹ́ da owó pọ̀, tí wọ́n fẹ́ máa dáná kí wọ́n sì máa jáde, West Cork á gbà wọ́n, torí ilé oko ibẹ̀ a máa tóbi.

Ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́wàá sókè á jẹ ìgbádùn Dingle, pàápàá tó bá ń kọ́ Gaelic níléèwé. Awakọ̀ tí ẹ̀rù ọ̀nà tóóró kì í bà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ilé. Tọkọtaya tó ti rẹ̀, tàbí ẹni tó fẹ́ parí iṣẹ́ kan ní ìdákẹ́jẹ́, kó lọ sí Connemara ní oṣù karùn-ún. Ará Ìlú Ọba tí kò ní físà Áyálándì, kó lọ sí Antrim, kó sì dúró lápá ibẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé mọ́tò tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Dublin tó sì ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kó rántí pé M50, ọ̀nà márosẹ̀ tó yí Dublin ká, kò ní ibi ìdúró sanwó. Kámẹ́rà ló ń ya nọ́ńbà mọ́tò, aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kejì sì ni ó gbọ́dọ̀ ti san án kí owó ìtanràn má bàa gun orí rẹ̀. Ẹni tó bá háyà mọ́tò tó sì fẹ́ ré ẹnubodè kọjá, kó sọ fún àwọn tó háyà á lọ́wọ́ wọn kó tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ilé tiwa fún oṣù kẹsàn-án yìí wà lẹ́bàá Kilmore Quay. Ìyá mi ń bọ̀. Mo ti pe onílé lẹ́ẹ̀mejì: yàrá wà nísàlẹ̀, ilé ìwẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ní òun ti bu epo kún táńkì.